Pèrègún Tí A Gbìn Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Mo máa ń mú kí àwọn ènìyàn tí kò gba ara wọn gbọ́ fẹnu kò sórí ojú ibì kan lórí ilẹ̀. Awọnlẹ̀ ni mí. Sọ́féyọ̀ ni ará Mowé ń pè mí títí di òní tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, ẹ lè máa rò pé ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ń wọn ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ènìyàn ló ń gbà pé a ti wọ̀n ọ́n. Bí àwọn tó yí ilẹ̀ náà ká kò bá gbà, àwòrán lásán ni ìwé tí o kó dání.

Mo pẹ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó mi, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n jókòó kọ ọ́, èmi a sì ní ó di ọ̀la. Ó ti lọ báyìí. Ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, òun ló ni ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì rántí bó ṣe rí.

N kò ní fi bí mo ṣe rí iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san gba àkókò yín. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n rán mi sí Ifọ̀, sọ́dọ̀ Alàgbà Ṣófẹlá, ó sì di ọ̀gá mi. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Àìpariwo rẹ̀ gan-an la ń bẹ̀rù. Nígbà náà, ṣéènì irin la ń fà wọgbó láti wọn ilẹ̀, a ó gé igbó kí ojú lè ríran láti òpó dé òpó, ejò a máa sá fún wa, àwa náà a máa sá fún ejò. Èmi àti Láyí la jọ ń kọ́ṣẹ́. Ìlà kan náà ni Ọ̀gá máa ń ní kí àwa méjèèjì wọ̀n: èmi láti ìhà ọ̀nà, òun láti ìhà odò, a kò sì gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n tán, mo sáré tọ̀ ọ́ lọ.

"Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n, sà. Kí ni Láyí rí, sà?"

Ó ní, "Ta ló bi ọ́ nípa Láyí? Sọ ohun tí ìwọ rí kí o tó bèèrè ohun tí ẹlòmíràn rí. Bí o bá kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, ṣe ni wàá tún tìrẹ ṣe kó lè bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀yin méjèèjì á wá di ẹnì kan ṣoṣo tó ní ẹnu méjì. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Lọ́jọ́ kan, Láyí na ìka sí mi láti òkèèrè kí n lè mọ iye tí òun rí. Ọ̀gá rí i. Ó ní ká padà lọ wọn gbogbo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń jó wa lórí. Láyí ń kùn lọ nínú igbó pé, "Bàbá yìí! Bí ìyá ẹ̀ bá sọ pé òun ló bí i, á ní kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá." Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé ibi tí mo ka ìwọ̀n dé, a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, tí a ti ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀, Ọ̀gá kì í lọ láìgbin pèrègún. Àwọn bàbá wa kò kúkú ní òpó kọnkéré. Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà. Ó máa ń ní kí àwọn tó ni ilẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì jọ di igi náà mú bí a ti ń kó yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí, kí oníkálukú sì mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Mo ní kí n bá àwọn kan yan ẹlẹ́rìí nígbà kan, nítorí pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Ó dá mi dúró. "Ẹlẹ́rìí tí o bá yàn fún ènìyàn, tìrẹ ni. Jẹ́ kó mú ẹni tí òun fúnra ẹ̀ gbà gbọ́ wá."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ igbó lásán ló ń kọ́ mi. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ mi.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ṣéènì lọ, ẹ̀rọ awòye tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta dé. Nígbà tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dé, ó ń sọ ibi tí o dúró sí fún ọ kí o tó tú okùn bàtà. Ọ̀gá ti kú nígbà náà. Èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kó wá sí Mowé, nígbà tí àwọn ará Èkó ń rọ́ wá sí ẹ̀bá títì márosẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí omi ń lé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti fi iṣẹ́ tíṣà ìṣirò sílẹ̀, ó ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí Ìbafò: kọ̀ǹpútà díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo ju iná tó ń mú wá lọ, àti àwo sátẹ́láìtì ńlá lórí òrùlé. Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lókè òkun.

Ìdílé kan wà tí n kò ní dárúkọ wọn gan-an. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ọmọ Ọdẹ́yalé. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ńlá wọn fẹ́: Àṣàbí, Àbẹ̀kẹ́ àti Adùkẹ́. Ẹ mọ àṣà wa: ìdí-igi la fi ń pín ogún, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí Àṣàbí wà ní Ifọ̀, Bàbá Múrí ni àgbà wọn. Ìdí Àbẹ̀kẹ́ wà ní Mowé, Kúnlé tó ń ta pákó ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ìdí Adùkẹ́ ti tú ká. Àǹtí Wúrà, àgbà wọn, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọmọ káàkiri, ní Amẹ́ríkà, ní Jẹ́dà, níbi tí orúkọ ẹ̀ kò rọ̀ mí lẹ́nu. Ilẹ̀ ìdílé ni ilẹ̀ wọn. Ẹnì kan kò lè dá a tà. Wọ́n ti yan akọ̀wé kan rí kó máa bá gbogbo wọn ta á. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹran ló jẹ ẹran. Láti ìgbà náà, bí ìdí kan bá ní ilẹ̀ ti mọ́, ìdí kejì á ní kí wọ́n mú iná wá.

Wọ́n wá bá wa ní Ìbafò. Bàbá Múrí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó lè gé e jẹ.

Ó ní, "Sọ́féyọ̀, ìwọ kì í ṣe ọmọ wa, o kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìwọ ni kó o máa gba ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Ohun tó o bá ní a fẹnu kò lé lórí, òun náà ni."

Inú mi dùn. Kí n tó dáhùn, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí ẹ bá kó o lé ọkọ mi lọ́wọ́, ẹ ó máa fura sí i títí ayé. Bí kò bá sì jalè, ó lè kú."

Kúnlé bú sẹ́rìn-ín. "Màdámú, ẹ ti pa ọkọ yín níṣojú ẹ̀!"

"Mi ò pa á. Mo ní ó lè kú ni. Ẹ̀yin náà lè kú."

Alẹ́ kan kọ́ ni a fi ronú kan ọ̀nà tí a gbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kò lójú. Ẹni tó wà ní Ifọ̀ lè sọ ọ̀tọ̀ fún Jẹ́dà kó sì sọ ọ̀tọ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó máa rí ojú rẹ̀. Mo sọ òfin Ọ̀gá fún Mọ́rẹ́nikẹ́, a sì gbé e wọ inú ímeèlì. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ kan, oníkálukú á kọ ohun tó gbà kó tó ka ti ẹlòmíràn. Oníkálukú ló máa yan àwọn tí òun gbà gbọ́, tí òun máa dúró de ẹ̀rí wọn. Bí àwọn náà bá ti sọ ohun kan náà, kó gbà pé ó parí. Ẹni tó bá sì ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ẹnì kan lórí ilẹ̀ kan, kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ẹlòmíràn. Bàbá Múrí kò mọ kọ̀ǹpútà tàn, ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un, nítorí náà a fi kún un pé ẹni tó mọ ohùn olúwarẹ̀ máa fi fóònù gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí olórí. Kò sí akọ̀wé. Wọ́n ta ilẹ̀ mélòó kan báyẹn láìjà, àwa náà sì ń rò pé a gbọ́n.

Ilẹ̀ igun kan wà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fẹ́. Ó máa ń dúró níbẹ̀ bí a bá ń ti ọjà bọ̀, á máa sọ ibi tí ilé ìdáná á wà. A tọ ìdílé náà lọ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà yòókù, wọ́n gbà, a san owó, a sì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń bomi rin kọnkéré nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, bíríkì kún inú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun bọ́ sílẹ̀. Alhaji Ràímì ni, ó ń ta aṣọ ní Ifọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ló gbé yín síṣẹ́ lórí ilẹ̀ mi?"

Mo ní, "Ilẹ̀ yín kẹ̀? Alhaji, ẹ ṣì í ni."

"Ẹni tó ṣì í ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ báyìí," ó wí, ó ń wo ìpìlẹ̀ wa, "ó sì ṣe é dáadáa."

Ẹ̀rí tirẹ̀ pé. Tiwa pé. A pe gbogbo ènìyàn, a wádìí, ohun tí a rí sì bà mí lọ́kàn jẹ́ ju bí a bá rí olè lọ: kò sẹ́ni tó parọ́. A ní kí oníkálukú yan ẹni tó gbà gbọ́. Ọmọ ìyá tirẹ̀ nìkan ni oníkálukú yàn. Ìdí Àṣàbí ń dúró de ìdí Àṣàbí, ìdí Àbẹ̀kẹ́ ń dúró de ìdí Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe dáadáa, ìròyìn ń ta láti ìhà kan sí ìkejì, a kò mọ̀. Òjò ńlá wá ba àwo orí òrùlé wa jẹ́, Ifọ̀ àti Mowé kò gbọ́ra wọn fúngbà díẹ̀. Ifọ̀ àti Jẹ́dà fẹnu kò pé Alhaji ni, Mowé àti Amẹ́ríkà fi fóònù fẹnu kò pé àwa ni. Ìdí Adùkẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ń lọ, nítorí kò sẹ́ni tó dúró dè wọ́n. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní ilé kọ̀ǹpútà Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Ìbafò, bí ẹ bá rí i! Ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ta ló máa kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí igun yẹn? Ọmọ Bàbá Múrí nawọ́ sí mi.

"Òun ló ṣe òfin, òun náà ló tún ra ilẹ̀! Sọ́féyọ̀ ti pín ogún fún ara ẹ̀!"

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Mo wo Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo mọ bó ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn tó. Ó dìde, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa ilẹ̀ wa.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún òfin náà ṣe, kó tó kan ẹni tó ni ilẹ̀. Kí ìdí kọ̀ọ̀kan fi kún àwọn tó máa dúró dè. Ẹ mú ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn nínú ìdí mìíràn, àmọ́ tí ẹ mọ̀ pé kì í parọ́."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní, "Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí níbẹ̀!" Ẹlòmíràn ní, "Ó pọ̀ níbí, àwa la mọ̀ wọ́n." Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Múrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ.

"Wúrà. Ó bú mi níbi ìsìnkú bàbá wa, mi ò tíì dárí jì í. Àmọ́ mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí."

Kúnlé wo ilẹ̀. "Àwa náà, Àǹtí Wúrà ni."

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Ó dáa. Bó bá sùn ńkọ́? Bó bá bínú ńkọ́? Ẹ má fi gbogbo ẹrù lé obìnrin kan lórí, yóò tún di akọ̀wé. Ẹ tún mú ẹlòmíràn kún un."

Wọ́n mú. Bàbá Múrí mú Kúnlé fúnra rẹ̀, ó sì ya Kúnlé lẹ́nu débi pé ó mú ọmọ Bàbá Múrí tó wà ní Jẹ́dà. Báyìí ni agbo àwọn tí ìdí kọ̀ọ̀kan ń dúró dè fi kan èkejì, láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ fún wọn. A pe Àǹtí Wúrà, a gbé fóònù sí gbangba.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í kí mi kú ọdún," ohùn rẹ̀ ń bú jáde, "ẹ̀rí mi lẹ wá ń wá lónìí? Bàbá Múrí wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

"O ṣì ń hanrun?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá Múrí náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú kọ ohun tó rí, kó tó ka ti ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti kọ́ mi nínú igbó Ifọ̀: èwo nínú àdéhùn méjèèjì ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ṣáájú? Èsì wọlé láti ibi gbogbo. Ti Alhaji ló ṣáájú tiwa. Kúnlé tó tà á fún wa kọ bẹ́ẹ̀ náà.

A pàdánù igun. Ìdílé náà fẹnu kò, agbo gbogbo, pé kí wọ́n fún wa ní ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú mi kò dùn. Mo ń bínú lọ lójú ọ̀nà ilé, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá Ṣeun, ilẹ̀ la pàdánù. Bó bá jẹ́ pé àwa ló kù síbẹ̀ lónìí, ta ló máa gba iṣẹ́ yìí gbọ́ lọ́la?"

"Ìpìlẹ̀ wa ńkọ́?"

"Ẹ bi Alhaji."

N kò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó ní òun kò lè kọ́lé sórí òógùn ẹlòmíràn kí òun sì sùn. Ó ní kí akẹ́rù náà já gbogbo bíríkì rẹ̀ sórí ilẹ̀ tiwa. Lára bíríkì yẹn ni a fi kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí. Nígbà tí mo wọn ààlà láàrin wa, òun àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ló di pèrègún mú. Kúnlé ń wà yẹ̀pẹ̀. Àǹtí Wúrà wà lórí fóònù, ó kọ̀ láti gbà pé a ti gbìn ín.

"Ẹnu ni mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró ọkọ́."

Kúnlé gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀, ó sì fi ọkọ́ lu òkúta kí ó lè gbọ́.

Ìdílé mìíràn wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn náà, ní Òkè-Arò, ní Ifọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà ju tèmi lọ sọ fún mi pé àwọn ẹ̀rọ ti ń ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn báyìí káàkiri ayé, láàrin àwọn tí kò mọra rí. Inú mi dùn. Mo kàn ń bi wọ́n bóyá agbo wọn kan ara wọn. Bí ẹ bá yan irú iṣẹ́ yìí, ẹ bèèrè ìyẹn kí ẹ tó bèèrè bí ẹ̀rọ ṣe yára tó. Ẹ̀rọ mi gbogbo ti di irin ògbólógbòó. Òfin Ọ̀gá kò tíì gbó.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣàìsàn díẹ̀, ó sì lọ. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tó yàn fúnra rẹ̀, nítòsí pèrègún. Mo fi àyè ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, àgbàrá já wọ inú àdúgbò. Ó wú òpó kọnkéré, ó gbé pèrègún lọ. Àwọn ọmọ Alhaji sì ti kó bíríkì sílẹ̀ láti mọ ògiri. Mo wo sàréè náà, mo wo bíríkì náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Alhaji ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó. Ó wá bá mi.

"Sọ́féyọ̀, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun ilé mi, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun tirẹ̀, okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ oníkálukú, a kò sọ̀rọ̀. Alhaji dúró, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Ibi tó gún wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí ibi tí èmi dé. Ó ti fi ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Mo ní, "Alhaji, ṣé ohun tí ẹ rí nìyẹn?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn."

"Ẹ wo ojú mi."

Kò wò mí. "Ìyá Ṣeun ló wà níbẹ̀ yẹn. Kí ni ilẹ̀ díẹ̀ láàrin wa? Ẹ gbà á, kí ọkàn yín balẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àmọ́ bí mo bá gbà á, àwọn ọmọ wa á jogún irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò gba irú ẹ̀ nígbà tó wà láàyè.

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n."

A padà sí igun wa. A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rìn dé òpin okùn rẹ̀, èmi náà rìn dé òpin tèmi, ọ̀pá wa méjèèjì sì wọlẹ̀ sójú kan náà. Sàréè náà wà lọ́dọ̀ wa, àti àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaji mí kanlẹ̀, ó di pèrègún tuntun mú, mo dì í mú pẹ̀lú rẹ̀.

Fóònù mi dún. Àǹtí Wúrà ni. Kúnlé ti sọ fún un.

"Ṣé ẹ ti gbìn ín?"

Mo gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀, mo sì gbé ọkọ́.